Ó Fi Ṣúgà Sínú Ìwé Oníwèé

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú sí obìnrin tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Òun fúnra rẹ̀ ló pè mí tó ní, "Bá mi kọ ọ́ síwèé ìròyìn yín. Má fi nǹkan kan pa mọ́, orúkọ mi nìkan ni kó o bò." Mo bi í pé ṣé ó dá a lójú. Ó ní ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, òun sì ti jìn sí i dáadáa.

Akàwésétí ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ka ìwé sínú máíkì, kí àwọn tí ojú wọn ò gbé ìwé mọ́, àwọn awakọ̀, àti àwọn tó ń dáná lọ́wọ́ lè máa fetí gbọ́ ọ. Kì í ṣe ìwé àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá o. Ìwé tuntun àwọn tó fi owó ara wọn tẹ̀wé jáde ni wọ́n ń kà níbẹ̀: ìtàn àròsọ, ìwé ìmọ̀ràn, ìtàn ìgbésí ayé, títí kan ìwé bí wọ́n ṣe ń sin oyin. Ohùn obìnrin yìí dùn tó bẹ́ẹ̀ tí olùgbọ́ kan fi sọ pé bó bá jẹ́ ìwé òfin owó-orí ló kà, òun á rà á.

Ọ̀gá wọn, obìnrin kúkurú kan tí kì í pariwo, ní òfin kan ṣoṣo. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀: OHUN TÍ WỌ́N KỌ NI KÍ Ẹ KÀ. Ìyókù, ẹnu ló fi ń sọ ọ́. "Ẹni tó bá fi gbólóhùn tirẹ̀ sínú ìwé oníwèé, kò tún ní jókòó nídìí máíkì mi mọ́."

Akàwésétí ò sì ní nǹkan míì tó fẹ́ràn tó ìjókòó yẹn. Ó ti tọ́ ọmọ tán, ọmọ ti lọ sílé ọkọ. Bó bá ti wọ yàrá kékeré yẹn, tó ti ilẹ̀kùn, tó ṣí ìwé, ara rẹ̀ á balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni lé e kúrò níbẹ̀, ó sàn kí wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ ń ṣe é. Òun wà nínú yàrá, ó ń kàwé. Ẹlẹ́rọ wà lẹ́yìn gíláàsì, ó fi ẹ̀rọ bo etí méjèèjì. Ẹnì kẹta ni Atẹ̀lé, ọ̀dọ́bìnrin tó máa ń mú ìwé kan náà dání, tó ń fi pẹ́ńsùlù tẹ̀lé e ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí Akàwésétí bá fo ọ̀rọ̀ kan péré, Atẹ̀lé á kan gíláàsì, wọ́n á sì tún un kà.

Ó wá di ọjọ́ kan, Atẹ̀lé bímọ, ó gba ìsinmi. Ọ̀gá ò rówó gba ẹlòmíì. Ó ní, "Akàwésétí, o ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Máa tẹ̀lé ara rẹ títí ìyá ìkókó á fi dé."

Ẹ bá mi rò ó wò. Ta ló ń tẹ̀lé ara rẹ̀ tí kì í gbójú kúrò ní nǹkan kan?

Ìwé àkọ́kọ́ tó bà á nínú jẹ́ ni ti Nọ́ọ̀sì, ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọsibítù, tó wá ń kọ ìtàn àròsọ. Ìtàn bàbá arúgbó kan tó ń tún aago ṣe ni. Bàbá yìí ń retí ọmọ rẹ̀ obìnrin láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé dé ìparí. Àárọ̀ ọjọ́ tí ọmọ dé ẹnu géètì, bàbá kú sórí àga.

Akàwésétí kà á, ẹkún gbà á lẹ́nu. Ẹlẹ́rọ ní kó tún un kà. Ó tún un kà, ikọ́ ló gbẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà kẹta, bó ṣe dé ibi tí ọmọ ti fọwọ́ kan bàbá léjìká, ẹnu rẹ̀ yà bàrá kúrò lórí ìwé. Ó ní, "Bàbá lajú. Ó ní, 'O dé.'"

Ó gbójú sókè wo Ẹlẹ́rọ. Ẹlẹ́rọ na àtàǹpàkò sí i pé ó dáa. Ẹ má bá Ẹlẹ́rọ wí o, kì í gbọ́ ìtàn. Ìmí, itọ́, àti ìró ìwé tí wọ́n ń ṣí ló ń gbọ́.

Akàwésétí sọ fún ara rẹ̀ pé òun á tún un ṣe tó bá di ọjọ́ kejì. Kí ọjọ́ kejì tó dé, wọ́n ti fi ìwé náà síta. Àwọn olùgbọ́ ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "Mo sunkún ayọ̀." "Ẹ bá mi kí ẹni tó kọ ọ́, kò pa bàbá wa." Nọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ kì í gbọ́ ìwé ara rẹ̀. Ó ní ojú máa ń ti òun bí òun bá gbọ́ ọ̀rọ̀ òun lẹ́nu ẹlòmíì. Bí ọ̀rọ̀ ṣe di wẹ́rẹ́ nìyẹn, tó lọ láìsí ìbéèrè.

Ẹni tó jalè lẹ́ẹ̀kan tí wọn ò mú, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí.

Ìwé kejì jẹ́ ti Kóòṣì, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń kọ́ni ní eré ìdárayá. "Dìde, jókòó, ìgbà ọgbọ̀n," bẹ́ẹ̀ ló kọ ọ́. Ọkọ Akàwésétí sì ni dókítà ti ní kó máa gbé ara nílẹ̀ nítorí ikùn rẹ̀ tó ti ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé. Ìyàwó mọ̀ pé ìwé yìí ni ọkọ òun máa lò. Àánú ṣe é. Ó ka ọgbọ̀n sí mẹ́wàá, láti orí kìíní dé orí ìkẹyìn.

Àràárọ̀ ni ọkọ rẹ̀ ń fò sókè sódò ní pálọ̀, inú rẹ̀ ń dùn. "Ọkùnrin yìí mọ ara èèyàn," ló máa ń wí. "Kì í fipá múni." Ikùn ò sì kúrò níbi tó wà.

Nígbà tó yá, ẹ̀rín ò jẹ́ kí Akàwésétí pa á mọ́ra mọ́, ó jẹ́wọ́ fún un. Ọkọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó jẹ́ẹ́.

"Èyí tó o ṣe sí ikùn mi, mo fara mọ́ ọn," ó ní. "Ṣùgbọ́n ṣọ́ra o, ìyàwó mi. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a."

"Ta lo rí tó bínú?" ni ìyàwó wí. "Gbogbo wọn ló ń dúpẹ́."

"Wọn ò tíì mọ̀ ni."

Ìyàwó kó àwo kúrò lórí tábìlì, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó wù ú kó gbọ́ràn sí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu, ohun tó sọ fún mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó dùn ti mọ́ ọn lẹ́nu.

Ẹnu èyí ni wọ́n wà tí Káfíńtà fi dé.

Ọkùnrin gíga kan ni, kò lẹ́rìn-ín lẹ́nu, ó ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún. Ó kọ ìtàn ayé ara rẹ̀, ó tà nínú pákó rẹ̀ láti fi tẹ̀ ẹ́ jáde. Nígbà tó wá wo ibi tí wọ́n ti máa kà á, àga ló kọ́kọ́ wò. Ó mì ín síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ní, "Àga yìí máa dún sínú ọ̀rọ̀ mi." Ó kúnlẹ̀, ó mú ìdè rẹ̀ le kó tó kúrò níbẹ̀.

Ó wá kọjú sí Akàwésétí. "Mà, ọdún púpọ̀ ni mo fi wá àwọn ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà wọ́n bí wọ́n ṣe rí."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà," ló dá a lóhùn.

Ìwé yẹn dáa. Ó pa á lẹ́rìn-ín láwọn ibì kan, pàápàá ibi tí Káfíńtà ti ṣe bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́ rẹ̀ fún tọkọtaya tuntun tí bẹ́ẹ̀dì sì dá sí méjì. Ṣùgbọ́n orí kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàbá wọn kú, ó fi ṣọ́ọ̀bù pákó sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Àìsàn gbé Káfíńtà dè ní ọsibítù. Kó tó jáde, ẹ̀gbọ́n ti ta gbogbo irinṣẹ́ bàbá wọn fún àjèjì, ó sì ti gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹlòmíì. Káfíńtà parí orí yẹn báyìí: "Mi ò dárí jì í, mi ò sì ní í lọ́kàn láti dárí jì í. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ẹ̀gbọ́n, màá ní mi ò ní."

Akọ́bí ni Akàwésétí fúnra rẹ̀. Ó ní àbúrò mẹ́rin, gbogbo wọn ló ń pè é bí ilẹ̀ bá ti mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn gún un lọ́kàn. Ó ń rò ó pé bí ẹ̀gbọ́n yìí bá gbọ́ ọ ńkọ́? Ṣé bí wọ́n á ṣe wà nìyẹn títí ọ̀kan á fi bo èkejì mọ́lẹ̀?

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó kọ́kọ́ kà á bó ṣe rí. Ó kà á dáadáa, kò fọ́ ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu. Ẹlẹ́rọ ti na àtàǹpàkò. Ó kù kó ṣí ìwé sí orí tó kàn, kí gbogbo rẹ̀ parí síbẹ̀.

Ó jókòó, kò ṣí i. Ó wo ìta gíláàsì. Àga Atẹ̀lé ṣófo, pẹ́ńsùlù rẹ̀ wà lórí tábìlì. Kò sẹ́ni tó máa kan gíláàsì. Kí ló máa gbà ju gbólóhùn kan lọ? Ta ló máa pa lára?

"Ẹlẹ́rọ, jẹ́ ká tún ìparí yẹn kà. Ó dà bíi pé ohùn mi há."

"Kò há o, Àǹtí."

"Jẹ́ ká tún un kà."

Ó tún un kà. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni: "Inú mi ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá wá bá mi, màá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀." Ó kà á tìfẹ́tìfẹ́, bí ẹni tí ń rẹ ọmọ. Ẹlẹ́rọ pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, ó fi ti ìkejì síbẹ̀.

Bó ṣe ń lọ sílé lọ́jọ́ náà, inú rẹ̀ dùn. Òun gan-an ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ó ní ó ń ṣe òun bíi pé òun ti parí ìjà kan.

Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi ìwé náà síta tí fóònù ọ́fíìsì fi dún, tó jẹ́ pé òun ló wà nítòsí. Ọ̀dọ́bìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ káàsán, mà. Ìwé Káfíńtà tẹ́ ẹ kà, bàbá mi ń gbọ́ ọ. Ojú bàbá mi ti lọ, etí ló kù. Àwọn ni ẹ̀gbọ́n tó wà nínú ìwé yẹn."

Akàwésétí wá àga jókòó.

"Ibi tó ti ní òun máa gbà wọ́n yẹn," ni ọmọ náà ń bá a lọ, "gbogbo ìgbà ni wọ́n ní kí n dá a padà síbẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ pé ẹ fẹ́ ṣe ìpàdé ìwé tuntun níbi tí àwọn tó kọ̀wé máa ti bá èèyàn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má sọ fún Káfíńtà. Wọ́n fẹ́ kó bá a lójijì ni."

Ìsinsìnyí ló yẹ kó sọ òtítọ́, ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́? Ẹ̀yin náà ti ń sọ ọ́ sí mi létí láti ibi tẹ́ ẹ jókòó sí. Ó ya ẹnu láti sọ ọ́. Òfin Ọ̀gá dúró sójú rẹ̀ gbàǹgbà. Ìjókòó rẹ̀. Máíkì rẹ̀.

"Ẹ máa bọ̀," ló wí. "Ayọ̀ la máa fi pàdé yín."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Látọjọ́ náà, kì í jẹun tán mọ́. Ọkọ rẹ̀ rí i. Ó kàn sọ pé òun á bá a lọ sí ìpàdé náà.

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Wọ́n to ìwé tuntun sórí tábìlì gígùn, àwọn tó kọ wọ́n jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó fojú kàwé wà níbẹ̀, àwọn tó fetí gbọ́ ọ náà wà níbẹ̀. Atẹ̀lé ti dé, ó gbé ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Tíṣà kan dìde, ó ní, "Ìyá wa Nọ́ọ̀sì, ikú bàbá aláago yẹn dùn mí wọra. N kò lè jẹun."

"Ikú ta ni?" Awakọ̀ akẹ́rù kan ló dáhùn láti ẹ̀yìn. "Bàbá ò kú. Ó lajú, ó ní, 'O dé.'"

"Ọ̀gbẹ́ni, mo ka ìwé yìí lẹ́ẹ̀mejì."

"Èmi gbọ́ ọ lójú ọ̀nà lọ, mo gbọ́ ọ lójú ọ̀nà bọ̀. Bàbá wà láàyè."

Gbọ̀ngàn pín sí méjì. Nọ́ọ̀sì yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi, èmi fúnra mi ni mo pa á. Mo sì pa á dáadáa."

"Nínú ìwé lẹ ti pa á, Ìyá," ni awakọ̀ wí. "Nínú ọkọ̀ tèmi, ó ń mí."

Ẹ̀rín gba gbogbo ilé. Ọ̀gá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú díẹ̀díẹ̀, ó wo Akàwésétí. Akàwésétí ń wo bàtà rẹ̀.

Ẹ̀rín ò tíì tán tí obìnrin kan fi dìde láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Kóòṣì pé òun nìkan ló mọ̀ pé ìgbà mẹ́wàá ti tó fún ènìyàn. Kóòṣì ní, "Mẹ́wàá? Ta ló ní mẹ́wàá?" Lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ọkọ Akàwésétí fi ìwé bo ikùn rẹ̀.

Ojú Ọ̀gá ò kúrò lára Akàwésétí mọ́. Ṣùgbọ́n kò tíì ráyè sọ̀rọ̀ tí ilẹ̀kùn fi ṣí.

Bàbá kan wọlé, ó ga, ó dúró ṣánṣán, ó gbé ọwọ́ kan lé èjìká ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ẹni tó bá ti rí Káfíńtà kò ní béèrè ta ni. Wọ́n rìn bọ̀ láàárín àga títí wọ́n fi dé iwájú tábìlì.

"Àbúrò," ni bàbá náà wí, "mo dé."

Káfíńtà dìde. Ojú rẹ̀ le koko. "Kí lẹ wá ṣe níbí?"

"O ní kí n wá. O ní bí mo bá wá, o máa gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀."

"Èmi? Níbo ni mo ti sọ bẹ́ẹ̀?"

"Nínú ìwé rẹ."

"Mi ò kọ irú ẹ̀ rí láyé mi."

Ọmọ náà ò bá wọn jà. Ó kàn yọ fóònù jáde, ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn Akàwésétí gba gbogbo gbọ̀ngàn, ohùn dídùn tí gbogbo wọn mọ̀ yẹn: "Inú mi ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá wá bá mi, màá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀."

Ọwọ́ pálábá Akàwésétí ségi. Ẹni tó jókòó sọ́tùn-ún yíjú sí i, ẹni tó jókòó sósì yíjú sí i. Ọ̀gá di ojú rẹ̀, ó tún là á.

Akàwésétí dìde. "Òun kọ́ ló kọ ọ́," ó ní. "Èmi ni mo fi sí i. Èmi náà ni mo jí bàbá aláago. Èmi ni mo dín eré ìdárayá kù. Ẹ forí jì mí."

Ìtìjú bò ó dé àtàǹpàkò. Ó rò pé Káfíńtà máa pariwo mọ́ òun. Ká ní ó pariwo ni, ìbá rọrùn. Ọkùnrin náà gbé ìwé kan lórí tábìlì, ó ṣí i, ó nà án sí i.

"Ẹ kà á fún un. Èyí tí mo kọ ni kẹ́ ẹ kà."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Níwájú gbogbo èèyàn?"

"Ṣé kọ̀rọ̀ lẹ ti ka ti tẹ́lẹ̀ ni?"

Ó gba ìwé. Ó kà á. Kò sí máíkì níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò gbọ́. "Mi ò dárí jì í, mi ò sì ní í lọ́kàn láti dárí jì í. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ẹ̀gbọ́n, màá ní mi ò ní."

Bàbá náà tẹ orí ba.

"Ẹ ṣé, ìyá," ó ní. "Èyí ni mo mọ̀. Ohùn àbúrò mi nìyí. Nígbà tí mo gbọ́ ti àkọ́kọ́, mo ní àbí ara rẹ̀ ò yá ni."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

"Mo ta irinṣẹ́ bàbá wa," ó ń bá a lọ. "Bẹ́ẹ̀ ni. Gbèsè ló wà lọ́rùn mi, mo sì rò pé àbúrò mi ò ní bọ́ nínú àìsàn yẹn. Mo rò pé ẹrù òkú ni mò ń tà. Ó yè é, ojú wá tì mí, mi ò lè wò ó. Ní báyìí, mi ò lè wo ẹnikẹ́ni. Àbúrò, mi ò wá kó o dárí jì mí. Ohùn rẹ ni mo wá gbọ́, ohùn tìrẹ gan-an."

Káfíńtà bọ́ sí iwájú tábìlì, ó fa àga kan, ó mì ín wò bóyá ó dúró dáadáa. Ó gbé e sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ jókòó," ó ní. "Mi ò tíì dárí jì yín o. Mo kàn ní kẹ́ ẹ jókòó ni."

Bàbá jókòó. Káfíńtà náà fa tirẹ̀. Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí ìpàdé fi parí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dìde nínú wọn.

Ọjọ́ kejì, Ọ̀gá pe Akàwésétí sí ọ́fíìsì. Kò jẹ́ kó jókòó.

"O mọ òfin mi."

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"Atẹ̀lé ló máa máa kàwé láti òní lọ. Ìwọ lo máa máa fi pẹ́ńsùlù tẹ̀lé e. Bó bá fo ọ̀rọ̀ kan, kan gíláàsì."

Akàwésétí kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ pé wọn ò lé òun kúrò ní ilé-iṣẹ́ pátápátá. Ó wá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó sunkún níbẹ̀.

Wọ́n bẹ gbogbo àwọn òǹkọ̀wé. Nọ́ọ̀sì ò bínú púpọ̀. Ó kàn ní, "Ẹ bá mi pa bàbá yẹn padà." Kóòṣì gba ọgbọ̀n rẹ̀ padà, ọkọ Akàwésétí sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò níye tó yẹ kó fò látìbẹ̀rẹ̀, ó ń ṣépè lábẹ́ ahọ́n. Ikùn ti ń lọ sílé.

Atẹ̀lé ló tún àwọn méjèèjì yẹn kà. Ti Káfíńtà nìkan ló kù. Káfíńtà ní òun ò fẹ́ ohùn ẹlòmíì.

"Ẹni tó bà á jẹ́ ni kó tún un ṣe," ó sọ fún Ọ̀gá. "Èmi fúnra mi ni màá tẹ̀lé e."

Ọ̀gá rò ó, ó ní kí Akàwésétí kà á, ìwé yìí nìkan ṣoṣo.

Bí Akàwésétí ṣe tún jókòó nídìí máíkì nìyẹn, tí Káfíńtà jókòó lẹ́yìn gíláàsì pẹ̀lú pẹ́ńsùlù gígùn tí àwọn káfíńtà máa ń fi sétí. Ọkùnrin náà le o. Ó kan gíláàsì nítorí "àti." Ó kan gíláàsì nítorí ìmí. Wọ́n dé orí ti ẹ̀gbọ́n. Akàwésétí gbójú sókè wò ó, ó ń rò ó lọ́kàn pé bóyá ó máa ní kí wọ́n fo ibẹ̀.

"Ẹ kà á bí mo ṣe kọ ọ́," ni Káfíńtà wí.

Ó kà á. Kò fi ẹkún sí i, kò fi oyin sí i. "Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ẹ̀gbọ́n, màá ní mi ò ní." Ó pa ẹnu dé. Ó ní ọjọ́ yẹn lòun kọ́kọ́ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dun ẹni tó kọ ọ́ tó. Nígbà tí òun ń dà á rú, ti ẹ̀gbọ́n lòun ń rò, òun ò ro ti ọkùnrin tó jáde ní ọsibítù tí kò bá òòlù bàbá rẹ̀ nílé.

Káfíńtà gbé pẹ́ńsùlù sílẹ̀. Ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó wọlé wá bá a.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ sún fún mi díẹ̀." Ó tẹ̀ ba síwájú máíkì, ó kígbe bọ inú rẹ̀ bí ẹni tí ń pe ọmọ ìkọ́ṣẹ́. "Ẹlẹ́rọ, ṣé ó ń gbà á sílẹ̀?"

Ẹlẹ́rọ já ẹ̀rọ kúrò létí, ó ń fọwọ́ ra etí. Ó ní ó ń gbà á.

"Èmi tí mo kọ ìwé yìí ni mò ń sọ̀rọ̀," ni Káfíńtà wí. "Ohun tí ẹ gbọ́ tán yẹn, bó ṣe rí lára mi nígbà tí mò ń kọ ọ́ nìyẹn, mi ò yọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà níta níbí, wọ́n ń dúró dè mí. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi mú wọn wá. A ò tíì parí ìjà wa. À ń jà á lójoojúmọ́, nítorí ojoojúmọ́ la ń ríra báyìí."

Ó nà ró. Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́, ó jáde.

Ẹlẹ́rọ wo Akàwésétí láti ẹ̀yìn gíláàsì. "Àǹtí, ṣé ká fi sílẹ̀? Kò sí nínú ìwé."

Omi ti bo Akàwésétí lójú, kò sì rí ojú ìwé mọ́. Ó wo ọkùnrin náà bó ṣe ń na ọwọ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kọ́rídọ̀.

"Fi sílẹ̀," ó ní. "Ẹni tó ni ín ló sọ ọ́."